Èsì: Ṣé ká hú íntálọ́ọ̀kì, ká da ọ̀dà sí àdúgbò wa?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ẹgbẹ́ onílé yín ní Ìsàlẹ̀ Èkó fẹ́ hú íntálọ́ọ̀kì, ìyẹn òkúta kọnkéré tí wọ́n tò sílẹ̀ ní àdúgbò, kúrò, kí wọ́n da ọ̀dà títì sí i, torí pé ó ti ń rì. Lójú tèmi o, ẹ má tíì náwó yẹn. Òkúta kọ́ ló bàjẹ́, abẹ́ rẹ̀ ni. Ẹ wo ibi tó rì dáadáa: ẹ̀gbẹ́ gọ́tà tó dí ni, tàbí ibi tí wọ́n gbẹ́ láti fa páìpù omi, tí wọ́n kàn kó erùpẹ̀ bò láì lù ú mọ́lẹ̀. Omi á máa wọ́ yanrìn abẹ́ rẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá da ọ̀dà lé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kòtò ni yóò dà, torí omi gan-an ni ọ̀tá ọ̀dà. Epo dísẹ́ẹ̀lì táwọn mẹkáníìkì ń dà sílẹ̀ náà máa ń yọ́ ọ. (Ẹ ṣáà mọ ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ gbẹ́ ẹ díẹ̀, omi ti dé.)

Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí ibi tó rì nìkan, kí wọ́n lu erùpẹ̀ pupa le, kí wọ́n tẹ́ yanrìn, kí wọ́n sì to òkúta kan náà padà. Ọ̀dà ò ṣeé ṣí bẹ́ẹ̀. Títì tí dáńfó àti típà ń gbà lójoojúmọ́ nìkan ni mo lè gbà kí wọ́n da ọ̀dà sí, gọ́tà ni kí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe. Kí wọ́n má gbàgbé kọnkéré ẹ̀gbẹ́ títì o, òun ló ń di òkúta mú.