Ṣé kí n yọ ọmọ mi kúrò níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn ní ìtàn ìpẹ̀yàrun?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ará Kàbà ni mí, Texas ni mo ń gbé. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé sí wa pé ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 14, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ka ìwé Night tí Elie Wiesel kọ nípa bí àwọn Násì, ìjọba Hitler ní Jámánì, ṣe pa àwọn Júù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ọkàn rẹ̀ kò tíì lè gba irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Kí ló sì dé tí kì í ṣe olùkọ́ ìtàn ló ń kọ́ wọn? Ṣé kí n ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò?

Ìdáhùn: Òkun o, ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Ará Mọ́pà ni mí, Maryland sì ni ọmọkùnrin mi ti ka ìwé náà lọ́dún tó kọjá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ ọ́ kúrò.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ni ìpẹ̀yàrun fi ń bẹ̀rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi kan olùkọ́ èdè. Ní Rùwáńdà ní 1994, níbi tí wọ́n ti pa nǹkan bí 800,000 ènìyàn láàárín nǹkan bí 100 ọjọ́, aáyán ni rédíò kan tí ń jẹ́ RTLM ń pe àwọn Tutsi, ẹ̀yà tí wọ́n fẹ́ pa run. Nínú ìwé Wiesel, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Moishe bọ́ lọ́wọ́ ikú, ó sì padà sí ìlú Sighet láti kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò gbà á gbọ́; ní 1944, nígbà tí Wiesel jẹ́ ọmọ ọdún 15, wọ́n kó wọn lọ sí Auschwitz, àgọ́ ikú àwọn Násì. Ibẹ̀ ni ọmọ mi dúró sí fún ọjọ́ púpọ̀, tí ó ń bi mí pé irú ọ̀rọ̀ wo ni Moishe ìbá sọ tí wọn ìbá fi gbọ́. Ìbéèrè kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì gan-an nìyẹn.

Ní ti ẹ̀rù, ẹ jọ kà á, kí ó má sì kà á lálẹ́.

Ó lè béèrè bóyá irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí àwa ará Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogí. Tèmi béèrè, mo sì sọ fún un nípa ogun Tápà, bí wọ́n ṣe kó àwọn baba ńlá wa lẹ́rú, tí àwọn mìíràn sá gun orí òkè, títí ilé-iṣẹ́ Royal Niger, oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì, fi ṣẹ́gun Bídà, olú ìlú Tápà, ní 1897 nítorí èrè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò pè é ní ìpẹ̀yàrun: ẹni tó ń kó ẹrú fẹ́ kí ènìyàn wà láàyè kí ó lè sìn ín tàbí kí ó tà á, nígbà tí àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti 1948 dá lórí èrò láti pa ẹ̀yà kan run, lódindi tàbí lápá kan. Ìyà àwọn baba wa kò tìtorí ìyẹn kéré, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ kí ọmọ mi tìtorí rẹ̀ kórìíra ọmọ Tápà kankan.

Ohun kan ṣoṣo ni mo kọ̀. Àwọn olùkọ́ kan máa ń ní kí àwọn ọmọ ṣeré bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n ń kó lọ sí àgọ́ ikú, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé ìrántí ìpẹ̀yàrun àwọn Júù tó wà ní Washington ti gba àwọn olùkọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má ṣe é. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ náà kí ẹ tó gbà. Bí wọ́n bá ní irú eré bẹ́ẹ̀ lérò, kí wọ́n fún ọmọ yín ní iṣẹ́ mìíràn lọ́jọ́ náà, kí ó sì padà wá bá wọn ka ìwé náà parí.