Òwìwí Yóò Dín Eku Kù, Kò Ní Pa Wọ́n Tán

Ẹ béèrè bóyá ẹ lè dá májèlé eku dúró nígbà tí òwìwí olójú funfun ti fi òrùlé àká yín ṣe ilé. Ẹ dá a dúró lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹyẹ náà yóò gbá eku nílẹ̀ pátápátá.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣa ohun tí òwìwí ń bì sílẹ̀ lábẹ́ ìtẹ́. Odindi ni ó ń gbé eku kékeré mì, bí ó bá sì di wákàtí mélòó kan, yóò bi irun àti egungun tí kò dà nínú ikùn rẹ̀ jáde ní ìṣù dúdú. Ẹ rẹ ìṣù náà sínú omi, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ tú u: agbárí eku ní eyín iwájú tó pọ́n rúsúrúsú, àlàfo gbọọrọ sì wà lẹ́yìn eyín náà, nígbà tí agbárí asín kò ní irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Eku ni mo máa ń bá jù níbẹ̀, asín tẹ̀ lé e, ẹyẹ kò sì wọ́pọ̀. (Kì í ṣe gbogbo òwìwí ló rí báyìí o, kòkòrò ni àwọn kéékèèké kan ń jẹ, ẹja sì ni oúnjẹ àwọn mìíràn.)

Eku kéékèèké bíi 3 tàbí 4 ni òwìwí kan ń jẹ lóru, iye yìí sì máa ń lé sí i nígbà tí ó bá ń tọ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n oyún eku kò ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 lọ, pápá gbalasa ni òwìwí sì ti ń dọdẹ, kì í ṣe ẹ̀yìn àpò ọkà. Ẹ̀yin lẹ ó dí ihò ara ògiri, tí ẹ ó sì dẹ tàkúté sínú àká.

Májèlé tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, irú bíi brodifacoum, kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Eku náà yóò máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ kiri fún ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ òwìwí yóò sì tètè tẹ̀ ẹ́ tòun ti májèlé inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti bá òkú òwìwí nílẹ̀ lẹ́yìn tí aládùúgbò kan fi irú májèlé yìí sílẹ̀: kò sí ọgbẹ́ kankan lára rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló kún inú àyà rẹ̀, ebi sì pa àwọn ọmọ rẹ̀ kú sínú ìtẹ́. Nítorí náà, ẹ kó májèlé tó ṣẹ́ kù nílẹ̀ kúrò kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ sì máa ṣa òkú eku láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí àwọn tó ti jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀ kò tíì kú tán.