Bàbá fẹ́ wo sinimá àtijọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀: kí la máa fi hàn wọ́n?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá wa máa pé ọdún 76 lóṣù tó ń bọ̀, ọjọ́ Sátidé ló bọ́ sí. A fẹ́ gba gbọ̀ngàn, a fẹ́ pe eléré, wọ́n ní rárá. Wọ́n ní ohun táwọn fẹ́ ò ju pé kí àwa ọmọ àtàwọn ọmọ-ọmọ jókòó ti àwọn nílé ní Èbúté-Mẹ́ta, ká jọ wo sinimá ayé ìgbà táwọn ń lọ sí National Theatre n'Igánmú, látàárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Àwọn ọmọ wa ò mọ nǹkan kan nípa fíìmù wọ̀nyí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé fóònù ni wọ́n máa jókòó tẹ̀. Fíìmù wo la máa kó jọ, báwo la ṣe máa tò ó, kí la sì lè sọ fáwọn ọmọ nípa bí wọ́n ṣe ṣe é? Kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́fà wà nínú àpótí Màámi olóògbé, ọ̀kan ò ní àkọlé. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ìgbàlódé la ní. Èmi ni Ọmọ Bàbá, Èbúté-Mẹ́ta.

ÌDÁHÙN: Ọmọ Bàbá, ẹ kú oríire. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi ń to fíìmù fún tẹlifíṣọ̀n l'Ékòó kí n tó wá jókòó sí Sùúrùlérè, tí mo ń da kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú kọ̀ǹpútà fáwọn èèyàn. Nínú iṣẹ́ títò yẹn, ọjọ́ ọdún ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù: Kérésì, Àjíǹde, Iléyá. Àwọn ọ̀gá á ní ká to fíìmù mẹ́fà tẹ̀ léra wọn, màá ní mi ò tò ó. Kò sẹ́ni tó ń wo fíìmù mẹ́fà lójúmọ́. Èyí tó bá wo méjì nínú rẹ̀, oorun ló fi sun mẹ́rin tó kù. Mẹ́ta péré ni kẹ́ ẹ wò, kó sì jẹ́ mẹ́ta tó bára wọn tan. Ẹ máa rí ohun tí mò ń wí láìpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ ṣí àpótí Màámi yẹn lónìí, ẹ má dúró dọ̀la. Ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ wo inú rẹ̀ láti ojú gíláàsì kékeré yẹn. Bí tẹ́ẹ̀pù tó wé mọ́ inú bá dúdú tó ń dán, ó dáa. Bí ẹ bá rí funfun kan létí rẹ̀ bí ẹni fọ́n ìyẹ̀fun sí i, ó ti bu nìyẹn. Atẹ́gùn ọ̀sà kì í jẹ́ kí nǹkan gbẹ l'Ékòó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà létí ọ̀sà gan-an ló sì máa ń bá jù. Ẹ má ki èyí tó bu bọ inú fídíò rárá. Orí tí ẹ̀rọ fídíò fi ń ka tẹ́ẹ̀pù ló máa lẹ̀ mọ́, ibẹ̀ ló sì ti máa ran kásẹ́ẹ̀tì kejì tẹ́ ẹ bá fi sí i. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń nù ún. Èyí tí kò ṣe nǹkan kan, ẹ yí i síwájú títí dé òpin, kẹ́ ẹ tún yí i padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wò ó, torí ó ti pẹ́ tó ti sùn sójú kan.

Ike pẹlẹbẹ kékeré kan tún wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣẹ́ ẹ kúrò. Tí ike yẹn ò bá ti sí níbẹ̀, kò sí bí ọmọ kan ṣe lè ṣèèṣì tẹ bọ́tìnnì kó gba nǹkan míì lé ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo mọ ohun tójú mi rí. Níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́, wọ́n gba bọ́ọ̀lù lé eré kan tó jẹ́ pé tó bá ti ń lọ lọ́wọ́, àdúgbò á pa rọ́rọ́. Owó kásẹ́ẹ̀tì tuntun ni kò sí. Mo wo bọ́ọ̀lù yẹn tán, rẹfirí fọn fèrè, àwòrán ṣẹ́jú, ìyá kan yọ lójijì, ó ní “Mo ti kìlọ̀ fún un pé…”, tẹ́ẹ̀pù sì tán. Mi ò mọ ẹni tó kìlọ̀ fún títí dòní.

Ẹ̀rọ fídíò fúnra rẹ̀ ti di ọ̀wọ́n. Funai ti orílẹ̀-èdè Japan, tó gbẹ̀yìn nídìí ṣíṣe é, ti dáwọ́ dúró láti 2016, nítorí náà àlòkù lẹ máa rí rà. Bí owó bá wà, ẹ jẹ́ kí wọ́n da mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí fláàṣì kó tó di ọjọ́ náà. Bí fídíò lẹ bá fẹ́ lò ní tààrà, wáyà aláwọ̀ mẹ́ta ló ní: yẹ́lò ló ń gbé àwòrán, pupa àti funfun ló ń gbé ohùn. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun ò ní ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́. Ẹ sọ fáwọn tó ń tajà ní Computer Village n'Íkẹjà pé ẹ fẹ́ ohun tó ń yí AV, ìyẹn wáyà aláwọ̀ mẹ́ta yẹn, sí HDMI, ihò tó wà lára tẹlifíṣọ̀n tuntun. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta èyí tó ń yí HDMI sí AV fún yín o. Wọ́n jọra bí ìbejì, èyí tẹ́ ẹ ò fẹ́ yẹn ò sì wúlò fún yín rárá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń tìtorí ẹ̀ bínú nílé onílé: bí wọ́n ṣe ń na àwòrán. Ayé ìgbà yẹn, 4:3 ni ojú tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn ni pé bó bá fẹ̀ ní mẹ́rin, á ga ní mẹ́ta. Tiyín jẹ́ 16:9. Bí ẹ bá ní kí àwòrán kún ojú rẹ̀ látòkè délẹ̀, látọ̀tún dósì, ẹ ti fi ìdá kan nínú mẹ́ta fẹ̀ ẹ́ sí i. Òṣèré tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ á di ọlọ́rọ̀ tó jẹun kánú, orí oníkálukú á tẹ́ bí àwo. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yí ìwọ̀n àwòrán lórí rìmóòtù, ẹ fi sí 4:3. Dúdú á wà lápá ọ̀tún àti òsì. Ẹ jẹ́ kó wà.

Ẹ ti wá ṣe tán, ẹ jẹ́ ká tò ó.

Láàárọ̀, Ìjà Òmìnira. Ọdún 1979 ló jáde, Adéyẹmí Afọláyàn tí gbogbo ayé ń pè ní Adé Love ló gbé e jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ni wọ́n ti mú ìtàn rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe kí Bàbá ti kà á rí. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni àwọn méjèèjì ti jọ ṣe Àjàní Ògún, tí Dúró Ládiípọ̀ náà wà nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní fíìmù gbọọrọ àkọ́kọ́ lédè Yorùbá. Ohun tí màá sọ fáwọn ọmọ nìyí: ẹ̀yin ń tẹ fóònù, fíìmù ń jáde. Nígbà yẹn, wọ́n á ya fíìmù tán, wọ́n á kó o lọ sókè òkun kí wọ́n tó lè fọ̀ ọ́ kí àwòrán yọ. Tó bá dé, ẹni tó ni ín ló máa gbé e sẹ́yìn mọ́tò, láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé gbọ̀ngàn, tòun tẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí i. Òun fúnra rẹ̀ tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà gba owó, torí bó bá fi fíìmù sọ́wọ́ ẹlòmíì, ó lè má rí owó, ó sì lè má rí fíìmù.

Bí Bàbá bá ní ohùn àwọn òṣèré ò tín-ín-rín tó báyìí n'Igánmú, ẹ má sọ pé ọjọ́ ogbó ni. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ní sinimá, àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n tiwa ń lo 25. Nítorí náà, bí wọ́n bá da fíìmù sí kásẹ́ẹ̀tì, ó máa ń yára díẹ̀: fíìmù ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú á tán ní 96, ohùn òṣèré á sì fi díẹ̀ gòkè. Etí àgbà ló ń mọ irú ẹ̀. Ẹ bi Bàbá léèrè Igánmú yẹn náà dáadáa. FESTAC ọdún 1977, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú, ni wọ́n kọ́ ilé náà fún, àwọn ará Bùlùgéríà ló kọ́ ọ, wọ́n sì fi jọ ilé kan tó wà nílùú Varna lọ́dọ̀ wọn. Láti 2024, orúkọ Wọlé Ṣóyínká ló ń jẹ́, àmọ́ ẹni tó bá wọ mọ́tò lọ síbẹ̀ ṣì ń sọ pé “Theatre” fún kọ̀ǹdọ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ má dán fíìmù tó nílò àròjinlẹ̀ wò. Ìyàn lẹ jẹ ni, àbí ìrẹsì, ojú á máa wúwo. Àkókò ẹ̀rín nìyẹn. Ọ̀run Mooru ti 1982 ni kẹ́ ẹ gbé sí i, Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, ló ni ín, Ọlá Balógun náà ló tún darí rẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní káwọn ọmọ wo aago tó máa ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀, bí èyí tí wọ́n ń gbé sórí tábìlì, àti táì tó tóbi ju àyà lọ. Kí wọ́n sì tún gbọ́ pé kó tó di aláwàdà tí gbogbo ilé mọ̀, olórin ni, ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ sì ni Sunny Adé ti ta gìtá kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yìn fíìmù yìí ò pani lẹ́rìn-ín. Owó yíyá ló fi ṣe é. Kó tó jèrè rẹ̀, àwọn olè ti da fíìmù náà sí kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tà á nígboro, gbèsè sì já lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ wo àkọlé kásẹ́ẹ̀tì yín dáadáa. Ìdí tí mo fi ń bẹ àwọn oníbàárà mi pé kí wọ́n wá ẹ̀dà tó tọ́ tí wọ́n bá lè rí i nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá Sàlá ti kú láti oṣù kẹwàá 2018.

Nírọ̀lẹ́, Ṣaworoidẹ, 1999. Níbí ni ìbátan tí mo sọ ti jáde. Ẹ bi àwọn ọmọ bóyá wọ́n mọ ẹni tó ṣe Aníkúlápó lórí Netflix. Wọ́n á ní Kúnlé Afọláyàn. Ẹ ní kí wọ́n wá a nínú Ṣaworoidẹ: òun ló ṣe Arẹ́sẹ̀jábàtà, nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í darí fíìmù. Ọmọ Adé Love tí wọ́n wò láàárọ̀ ni. Bàbá àgbà Ọ̀pálàbà tó ń da òwe bo gbogbo ìlú Jogbo ńkọ́? Adébáyọ̀ Fálétí ni, ẹni tó kọ ìwé tó di fíìmù àárọ̀. Túndé Kèlání tó darí Ṣaworoidẹ sì rèé, òun ló di kámẹ́rà mú fún Adé Love nígbà tó ń ṣe Taxi Driver àti Ìyá ni Wúrà. Mo ti fi èyí dán àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ń na ìka sójú tẹlifíṣọ̀n. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ ìtàn rẹ̀, ọdún tó jáde náà sì ni àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá. Ẹni tó bá gbé l'Ékòó lọ́dún márùn-ún tó ṣáájú ìyẹn ò nílò alálàyé. Ẹ jẹ́ kí Bàbá ṣe ìyẹn fúnra wọn.

Mo mọ̀ pé Bàbá á béèrè Ògúndé. Fíìmù rẹ̀, Aiyé, ọdún 1979 náà ni, Ọlá Balógun náà ló sì darí rẹ̀, lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ jẹ́ eré orí ìtàgé. Fíìmù ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn àjẹ́ inú rẹ̀ ń bà mí lẹ́rù lọ́jọ́ orí mi yìí, káwọn ọmọdé tó máa sùn ní pálọ̀ wá wò ó lálẹ́? Bí Bàbá bá fárí gá, ẹ fi í rọ́pò ti àárọ̀, kí oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run. Ẹ fi èyí kún un: iṣẹ́ ìkẹyìn Ògúndé lójú kámẹ́rà ni Mister Johnson, pẹ̀lú Pierce Brosnan tó padà di James Bond. Kèlání wà nínú àwọn igbákejì olùdarí níbẹ̀. Ògúndé kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù kẹrin 1990.

Bí ẹ̀gbọ́n kan bá wà nínú ilé tó jẹ́ pé sinimá òyìnbó nìkan ló ń wò, ẹ sọ ti Orlando Martins fún un. Ọmọ Òkèsúná, l'Érékùṣù Èkó, ni, 1899 ni wọ́n bí i, òun àti Ronald Reagan ló sì jọ ṣe The Hasty Heart ní 1949, nígbà tí Reagan ò tíì ronú dé ipò ààrẹ Amẹ́ríkà.

Ẹ fi wákàtí kan ó kéré tán sáàárín fíìmù kan sí èkejì. Ẹ ra epo jẹnẹrétọ̀ lálẹ́ Jímọ̀. NEPA ò mọ ọjọ́ ìbí.

Ó ku kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní àkọlé. Irú rẹ̀ ló ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi jù. Kì í sábà jẹ́ fíìmù. Ìgbéyàwó ni, ìkómọ ni, tàbí ìsìnkú ẹnì kan. Níwọ̀n bó ti jẹ́ àpótí Màámi ló ti jáde, ó lè jẹ́ àwọn fúnra wọn lẹ máa bá níbẹ̀, tí wọ́n ń jó. Ẹ má tàn án níwájú Bàbá lọ́jọ́ náà láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ó, kẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn.