Èsì: Màmá àgbà ní àwọn ò rántí ìyá àwọn mọ́

Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ẹ̀ ń bi màmá àgbà nípa ìgbésí ayé ìyá wọn kẹ́ ẹ lè kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò rántí mọ́. Ẹ má bèèrè ọdún lọ́wọ́ wọn mọ́, iṣẹ́ ọwọ́ ni kẹ́ ẹ bi wọ́n: ta ló ń pọnmi, ibo ni ìyá wọn ń fi ọkọ́ sí tí wọ́n bá toko dé. Ọ̀rọ̀ ọkọ́ yẹn lèmi bi màmá tèmi, ni wọ́n bá ń fọwọ́ júwe bí èèkù ẹ̀ ṣe dán níbi tí àtàǹpàkò ìyá wọn máa ń wà, fóònù tí mo fi ń gba ohùn wọn sílẹ̀ kú kí wọ́n tó dákẹ́ o!

Ẹ wá bi wọ́n bóyá Ogun Àgbáyé Kejì, ti 1939 sí 1945, ti parí nígbà tí ohun tí wọ́n ń sọ ṣẹlẹ̀, ọdún á yọjú fúnra ẹ̀.

Àmọ́ èyí ò lè ṣiṣẹ́ àfi tí màmá bá gbé lọ́dọ̀ ìyá náà. Tó bá jẹ́ àgbọ́sọ, ẹ kọ "wọ́n ní" sí i.