Ajá mi kékeré ní ìpalára dísìkì ẹ̀yìn, báwo ni mo ṣe lè tọ́jú rẹ̀ nílé?

Ìsinmi ni òògùn àkọ́kọ́. Ohun rírọ̀ tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn ló yọ síta tó ń tẹ iṣan ìmọ̀lára, nítorí náà inú kéèjì kékeré ni kí ó wà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Kò gbọ́dọ̀ fò sórí àga, kò gbọ́dọ̀ gun àtẹ̀gùn. Ọjọ́ tí òògùn bá ti pa ìrora ni wàhálà máa ń bẹ̀rẹ̀: á fẹ́ máa sáré bíi pé kò sóhun tó ṣe é, bẹ́ẹ̀ ojú ibẹ̀ kò tíì jinná. Má dá a lóhùn, bó ti wù kó máa wò ẹ́ lójú tó.

Tó bá fẹ́ tọ̀, fi okùn mú un jáde. Àyà ni kí o so okùn mọ́, kì í ṣe ọrùn. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ bá ń gbọ̀n, gba táwẹ́ẹ̀lì kọjá lábẹ́ ikùn rẹ̀, kí o fi gbé ìdí rẹ̀ sókè díẹ̀.

Má fún un ní ibuprofen tàbí paracetamol tiwa, ó lè pa á. Tí kò bá lè gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́, tàbí tí kò rí ìtọ̀ tọ̀, gbé e lọ bá dókítà ẹranko lójú ẹsẹ̀. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ abẹ ló kù.