Iyọ̀ kì í dènà oyún

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà, Anti Nọ́ọ̀sì. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mò ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Ìgbógbó. Ìbàdàn ni bọ̀ọ̀fúrẹ́ǹdì mi ti ń ṣiṣẹ́, ìparí oṣù tí wọ́n bá sanwó fún un ló máa ń wá. Tí a bá ti ṣe tán, mo máa ń po ṣíbí iyọ̀ mẹ́ta mọ́ omi gbígbóná, màá wá fi gbé Ampiclox méjì mì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀bù ló kọ́ mi. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń lò ó, mi ò sì lóyún rí. Ní báyìí ó ti ríṣẹ́ sí Odógunyán, nítòsí ni á máa gbé. Ṣé kí n fi kún iyọ̀ náà ni àbí kí n fi kún Ampiclox? Mi ò fẹ́ lo Postinor, oògùn tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ìbálòpọ̀ kí oyún má bàa dúró, wọ́n ní ó ń ba ilé ọmọ jẹ́. Nǹkan oṣù mi máa ń wá ní nǹkan bí ọjọ́ 24 oṣù, àmọ́ ó máa ń dúdú lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ṣé iyọ̀ ló fà á?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má fi kún ìkankan. Má sì po òmíràn mọ́.

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò gbọ́ irú ìbéèrè yìí ní Ìkòròdú níbí. Bí kò bá jẹ́ iyọ̀, á jẹ́ káún, á jẹ́ omi ọsàn wẹ́wẹ́, á jẹ́ àgbo inú ìgò tí ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tí wọ́n rẹ sínú rẹ̀. Inú máa ń bí mi, torí pé àwọn tó ń kọ́ yín ní nǹkan wọ̀nyí kì í sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ bá ń sunkún níwájú mi.

O ní o ti ń lò ó láti ọdún tó kọjá, o ò sì lóyún. Mo gbà. Iyọ̀ kọ́ ló ṣe é. Ìwọ fúnra rẹ ti kọ ohun tó ṣe é sínú ìbéèrè rẹ. Nǹkan oṣù rẹ ń wá ní nǹkan bí ọjọ́ 24. Ọmọkùnrin yẹn ń wá lọ́jọ́ 30 tàbí 31. Ẹyin obìnrin sábà máa ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ 14 kí nǹkan oṣù mìíràn tó dé. Ṣí kàlẹ́ńdà inú fóònù rẹ, ka ọjọ́ 14 padà sẹ́yìn láti ọjọ́ 24, ìka rẹ á dúró sí nǹkan bí ọjọ́ 10. Ẹyin náà kì í lò ju wákàtí 24 lọ. Àtọ̀ ọkùnrin ló máa ń pẹ́, ó lè wà láàyè nínú ara obìnrin fún ọjọ́ 5. Nítorí náà, bí ara rẹ bá ń ṣe déédéé, nǹkan bí ọjọ́ 5 sí ọjọ́ 10 oṣù ni oyún lè dúró. Láwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn, Ìbàdàn ni ọ̀rẹ́kùnrin rẹ wà. Ní báyìí tó ti ń bọ̀ ní Odógunyán, ohun tó ń yọ ọ́ láti ọdún tó kọjá ti tán nìyẹn.

Má torí èyí bẹ̀rẹ̀ sí í fi kàlẹ́ńdà nìkan ṣọ́ra o. Àìsàn, ìrònú, kódà ìrìn àjò lè sún ọjọ́ tí ẹyin á jáde síwájú tàbí sẹ́yìn, o ò sì ní mọ̀. Mo kàn ń fi hàn ọ́ ìdí tí irọ́ yìí fi ń dà bí òótọ́ ni. Nínú 100 obìnrin tó ń bá ọkùnrin sùn fún ọdún kan láìlo ohunkóhun, nǹkan bí 85 ló ń lóyún. Fún gbogbo wọn ní iyọ̀ mu, iye yẹn ò ní yí padà. Àwọn bíi 15 tí kò lóyún á wá máa kọ́ ẹlòmíràn. Àwọn yòókù, ojú ń tì wọ́n, wọn kì í sọ fún ẹnì kankan ní ṣọ́ọ̀bù pé àwọn mu iyọ̀ táwọn sì lóyún. Èmi ni wọ́n máa ń sọ ọ́ fún.

Wo bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tí o bá gbé mì, inú ikùn ló ń lọ, á gba ibẹ̀ bọ́ sínú ìfun, láti ìfun ni á ti wọnú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ọ̀nà láti ikùn sí ilé ọmọ. Iyọ̀ tó bá wọnú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ni á máa ṣe wàhálà láti tọ̀ ọ́ jáde. Àtọ̀ ní tiẹ̀, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó bá ti dà sí ojú ara, ó ti ń wọ ẹnu ilé ọmọ lọ. Kí o tó dìde lọ gbé ìkòkò kaná, kí omi tó gbóná, kí iyọ̀ tó yọ́, èyí tó máa wọlé ti wọlé. Títọ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀ dára fún ojú ìtọ̀, àmọ́ ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde yàtọ̀ sí ibi tí ọmọ ń gbà. Kò lè fọ àtọ̀ kúrò. Ẹni tó bá sì ń fi omi iyọ̀, ọsàn tàbí Izal fọ ojú ara, ó ń bó ara ibẹ̀ ni, ó sì ń la ọ̀nà fún àrùn.

Iyọ̀ náà sì lè pa èèyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan péré, pẹ̀lú èyí tó wà nínú ọbẹ̀ àti Maggi. O ń da mẹ́ta mu lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí Èbólà wọ Nàìjíríà ní 2014, tí wọ́n ń tan án kálẹ̀ pé kí gbogbo èèyàn mu omi iyọ̀, ìròyìn gbé e nígbà náà pé ó pa ó kéré tán ẹni méjì, wọ́n sì gbé àwọn mìíràn dé ilé ìwòsàn. Bó o bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tí o ò mọ̀, ewu rẹ tún ju ti ẹlòmíràn lọ.

Ampiclox, oògùn apakòkòrò ni. Bakitéríà ló ń pa, àtọ̀ kì í sì í ṣe bakitéríà. Bó o ṣe ń lò ó láìnídìí yìí, ọjọ́ tí àrùn gidi bá dé, ó lè má gbọ́ oògùn mọ́. Kò dènà kòkòrò HIV náà.

Ẹ̀rù Postinor ló lé ọ dé ìdí iyọ̀. Postinor kì í ba ilé ọmọ jẹ́, kì í sọ obìnrin di àgàn, kì í sì í ṣẹ́ oyún tó ti dúró. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá ẹyin dúró kó má tètè jáde. Bí ẹyin bá ti jáde, kò rí nǹkan kan ṣe mọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń ní kẹ́ ẹ tètè lò ó. Wákàtí 72 lẹ́yìn ìbálòpọ̀ ni wọ́n ń sọ, àmọ́ má dúró de wákàtí 72. Bí páálí rẹ bá jẹ́ oníhóró méjì, gbé méjèèjì mì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó o bá bì láàárín wákàtí 2, o ní láti lo òmíràn. Wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán lára páálí, wo nọ́ńbà NAFDAC, má sì ra èyí tí wọ́n ti já. Ó lè rìn ọ́ lọ́kàn, nǹkan oṣù rẹ sì lè yẹ̀ díẹ̀. Bó o bá ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, ti wárápá tàbí ti HIV, sọ fún ẹni tó ń tà á, torí àwọn kan nínú wọn máa ń dín agbára rẹ̀ kù.

Ti pàjáwìrì ni o, kì í ṣe ohun tí wàá máa lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ọkùnrin rẹ̀ ń gbé nítòsí, ìfètòsọ́mọbíbí gidi ló yẹ kó ṣe. Abẹ́rẹ́ wà tó ń lo oṣù 3. Èyí tí wọ́n ń fi sí abẹ́ awọ apá wà, ọdún 3 tàbí 5. Bó o bá wá láàárín ọjọ́ 7 tí nǹkan oṣù rẹ bẹ̀rẹ̀, ó máa ń ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bó o bá wá lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi kọ́ńdọ̀mù kún un fún ọjọ́ 7. Lẹ́yìn abẹ́rẹ́, oyún lè pẹ́ díẹ̀ kó tó dúró, ó lè tó oṣù mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí kò túmọ̀ sí àgàn. Èyí tó yẹ ọ́, mi ò lè yàn án fún ọ láti ibí. Wọ́n ní láti wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ, kí wọ́n sì bi ọ́ ní ìbéèrè kọ̀ọ̀kan.

Èyíkéyìí tó o bá yàn, kọ́ńdọ̀mù ò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, torí abẹ́rẹ́ kì í dènà àtọ̀sí tàbí HIV. Bí ọ̀rẹ́kùnrin rẹ bá ní òun ò lè lò ó, mú un dání wá.

Ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó sún mọ́ ọ ni kó o lọ. Oògùn náà fúnra rẹ̀ yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́ nílé ìwòsàn ìjọba, àmọ́ wọ́n lè gba owó ìbọ̀wọ́ àti abẹ́rẹ́, bèèrè kó o tó jókòó. Bí nọ́ọ̀sì kan bá jágbe mọ́ ọ pé ta ló fẹ́ ọ, bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, má padà sílé. A ò kọ́ iṣẹ́ yìí láti máa dójú ti ọmọ ọlọ́mọ.

Ti àwọ̀ nǹkan oṣù, ẹ̀jẹ̀ tó bá pẹ́ nínú kó tó jáde máa ń dúdú. Bí kò bá rùn, tí inú ò sì máa run ọ́ kọjá bó ṣe yẹ, fi ọkàn balẹ̀.

Bí nǹkan oṣù tó ń bọ̀ bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, ṣe àyẹ̀wò oyún, má lọ ra oògùn tí wọ́n ní ó ń mú nǹkan oṣù wá. Bí inú bá wá ń run ọ́ gan-an ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí òòyì ń kọ́ ọ, Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú ni kó o gbà lọ lọ́jọ́ náà, ì báà jẹ́ òru.