Àfòmọ́ Inú Kọ́míìkì: Ìbéèrè Yín Lórí Ọ̀tá Tó Ń Fa Agbára Mu

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ bá wa parí ìjà. Ọ̀rẹ́ mi ní Rudy Jones ni orúkọ Parasite, ọ̀tá Superman. Ìwé àtijọ́ kan tó wà lọ́wọ́ mi pè é ní Raymond Jensen. Ta ló jàre?

Ìdáhùn: Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Jensen ló ṣáájú. Ó jáde nínú *Action Comics* nọ́ńbà 340, lóṣù kẹjọ ọdún 1966. Jim Shooter ló kọ ìtàn náà nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15, Al Plastino ló sì ya àwòrán rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ni Jensen. Ó rò pé owó oṣù ni wọ́n kó pamọ́ sínú àwọn àgbá kan, ó ṣí wọn, ìdọ̀tí olóró inú wọn sì sọ ọ́ di abàmì ẹ̀dá tí ara rẹ̀ rí bí elésè àlùkò. Nínú ìtàn àkọ́kọ́ yẹn náà ló kú: ó mu lára Superman ju bí ara rẹ̀ ṣe lè gbà lọ, ó sì fọ́n ká. Nọ́ńbà 361, lọ́dún 1968, ni wọ́n tó dá a padà.

Rudy Jones dé lọ́dún 1987 nínú *The Fury of Firestorm* nọ́ńbà 58. Agbálẹ̀ ni ní S.T.A.R. Labs, ilé ìwádìí sáyẹ́ǹsì inú ìtàn náà, tó wà ní Pittsburgh. Lọ́dún 2013 wọ́n tún mú ẹlòmíràn wá, Joshua Allen, tó ń gun kẹ̀kẹ́ jíṣẹ́ kiri Metropolis, ìlú tí Superman ń gbé.

Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ń kà sí nínú wọn. Ebi ti ń pa wọ́n kí agbára tó dé, ìdí nìyẹn tí ìwà wọn fi bá ohun tí wọ́n dà mu. Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ló ń bá tan. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Rudy ló wù wá jù. Nígbà tó fa onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Torval Freeman, mu tán, ọkàn ọkùnrin náà kò kú. Ó dúró sínú orí Rudy, ó ń bá a jiyàn.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni Parasite, Rogue, Absorbing Man àti Amazo ń ṣe?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ má wo ẹni tó fọwọ́ kan èèyàn, ẹni tí wọ́n fọwọ́ kàn ni kí ẹ wò. Tó bá rọ wọ̀ọ̀, wọ́n fa agbára rẹ̀ mu ni. Tó bá ṣì dúró ṣinṣin, àdàkọ lásán ni.

Amazo, rọ́bọ́ọ̀tì tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ivo ṣe nínú *The Brave and the Bold* nọ́ńbà 30 lọ́dún 1960, jẹ́ aládàkọ bí a ṣe sábà ń mọ̀ ọ́n. Absorbing Man, ìyẹn Crusher Creel, tó jáde nínú *Journey into Mystery* nọ́ńbà 114 lọ́dún 1965, ń di ohun tó bá fọwọ́ kàn. Tó bá fọwọ́ kan irin, òun náà á di irin, ṣùgbọ́n irin yẹn ò dín. Rogue ló sún mọ́ Parasite jù. Ọ̀tá ló jẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ jáde nínú *Avengers Annual* nọ́ńbà 10, lọ́dún 1981, kó tó di ọ̀kan lára ẹgbẹ́ akọni X-Men ní 1983. Awọ ara rẹ̀ ló ń gba agbára àti ìrántí ẹlòmíràn. Bí ìfọwọ́kàn bá ṣe pẹ́ tó ni ohun tó gbà ṣe ń pẹ́ lára rẹ̀. Carol Danvers, akọni obìnrin kan, ló dì mú pẹ́ jù, ìyẹn ni agbára obìnrin náà kò fi padà mọ́. Ìlànà kan ṣoṣo yẹn, iye àkókò, ti bí ìtàn fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìbéèrè: Mò ń kọ kọ́míìkì olójú ìwé 22. Kí a tó dé ojú ìwé 9, ọ̀tá mi ti gba agbára akọni mẹ́rin. Ní báyìí, mi ò mọ bí wọ́n ṣe máa ṣẹ́gun rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ya ohunkóhun mọ́ ná. Ẹ ò fún ọ̀tá yín ní òṣùwọ̀n ni. Ẹ mú bébà kan, kí ẹ kọ èyí sí i: ibo ni agbára ń gbà wọlé, báwo ló ṣe ń yá tó, mélòó ni ara rẹ̀ lè gbà, báwo ló ṣe ń tán, kí ló sì ń bá a wọlé.

Àpẹẹrẹ kan rèé. Awọ sí awọ nìkan. Ìbọ̀wọ́ lè dí i. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, ẹni náà á rẹ̀. Mẹ́wàá, á dákú. Agbára méjì péré ló lè wà lára ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan náà; tí ẹ̀kẹta bá wọlé, èyí tó pẹ́ jù á jáde, á sì padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ẹ ka agbára sí omi inú garawa tó gba ìwọ̀n 100. Kó máa fò lójú òfuurufú ná an ní 2 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kó gbé ọkọ̀ ńlá sókè ná an ní 15 lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ ìṣirò náà sétí ìwé bí ìjà ṣe ń lọ. Lójijì ẹ ó rí i pé ní ojú ìwé 16, ó ku 10 péré lọ́wọ́ rẹ̀, ọkọ̀ ńlá kò sì ṣe é gbé mọ́. Ibẹ̀ ni ìtàn yín wà.

Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ohun tó ń bá agbára wọlé, torí òun ló níye lórí jù. Bí Parasite bá mu lára Superman yó, kryptonite, òkúta tó ń sọ Superman di aláìlera, tí kò ṣe é ní nǹkan kan tẹ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa á lára. Àìlera akọni bá agbára rẹ̀ wọlé.

Ní ti ètò, kí ìfàmu àkọ́kọ́ wáyé ní nǹkan bí ojú ìwé 5, kó sì kéré: ẹṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan tó ń tòògbé, kì í ṣe akọni. Kí òǹkàwé ti rí àìlera ọ̀tá, ó pẹ́ tán, ní ojú ìwé 8. Tó bá jẹ́ ojú ìwé 20 lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú un jáde, ìrẹ́jẹ ni òǹkàwé máa pè é, kò sì ní jẹ̀bi.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe lè ya ìfàmu náà kó hàn, láìjẹ́ pé ọ̀tá ń pariwo pé “Mo ń gba agbára rẹ”?

Ìdáhùn: Ẹ lo àpótí àwòrán mẹ́ta, tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí wọ́n dọ́gba. Nínú èkíní, ọwọ́ ọ̀tá kù díẹ̀ kó kan ọrùn ọwọ́ akọni. Nínú ìkejì, ó dì í mú. Ẹ jẹ́ kí ìka rẹ̀ wọ inú ẹran ara, kí oríkèé ìka ọwọ́ akọni sì yọ jáde. Nínú ìkẹta, ọwọ́ akọni ti rọ, ìka rẹ̀ là sílẹ̀, ọwọ́ ọ̀tá nìkan ló ṣì gbé e dúró. Ẹ má ya ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ìlà tún ń ṣiṣẹ́. Lórí bébà ínǹṣì 11 sí 17, ẹ fi gègé mìlímítà 0.8 fa ìlà ẹ̀gbẹ́ ara akọni nínú àpótí kìíní, 0.5 nínú ìkejì, 0.2 nínú ìkẹta. Kí ti ọ̀tá máa nípọn sí i bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Òǹkàwé lè má mọ ohun tí ẹ ṣe, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ á gbà á.

Tí ẹ bá ń kùn ún, ẹ ṣọ́ra fún elésè àlùkò. Lójú kọ̀ǹpútà ó máa ń tàn yòò torí pé ìmọ́lẹ̀ ni. Yíǹkì kò lè tàn bẹ́ẹ̀. Nínú yíǹkì mẹ́rin tí ìtẹ̀wé ń lò, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti cyan (búlúù fẹ́ẹ́rẹ́) 60, magenta (pupa tó sún mọ́ elésè àlùkò) 90, yellow 0, black 0, nínú 100. Tí cyan bá ti fẹ́ bá magenta dọ́gba, ara ọ̀tá á máa lọ sí búlúù. Tí ẹ bá fi black ṣe òjìji rẹ̀, á dọ̀tí bí ẹrẹ̀, nítorí náà ẹ fi cyan díẹ̀ kún un dípò. Ẹ tẹ ojú ìwé kan wò kí ẹ tó tẹ gbogbo rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí Superman kì í kàn fi ìtànṣán ojú rẹ̀ jó Parasite láti òkèèrè?

Ìdáhùn: Oúnjẹ ni ìtànṣán yẹn fún un. Agbára ni, á sì mu ún. Ohun tó dára jù ni kí Superman ju nǹkan wúwo lù ú láti ọ̀nà jíjìn. Bí Parasite bá sì ti mu lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹni tí kò ní agbára kankan mú kryptonite sún mọ́ ọn, kí Superman fúnra rẹ̀ sì kúrò nítòsí.